Táí Ṣólàrín: Olùkọ́ tó Fi Ọkọ́ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé

Nínú ìtàn ìgbésí ayé tí a máa ń kọ síbí, ti ọba, ti jagunjagun àti ti àwọn tó tẹ ìlú dó ló pọ̀ jù. Ti olùkọ́ kan la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọmọ Ṣábẹ. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní apá Nàìjíríà, ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Síbẹ̀, ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe kan àwa ará Ofè gbọ̀ngbọ̀n.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ wa ní Ofè, àti ní àwọn abúlé tó yí Ṣábẹ ká, ọmọ tó ń wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Láti ọdún 2006 ni ìjọba Benin ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ ni CEG. Ọmọ á pé ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá. Owó ìwé, owó oúnjẹ, owó yàrá tí yóò gbà nítòsí ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣu ń dúró de ẹni tí yóò wà á, kajú ń jábọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, á rékọjá sí Nàìjíríà lọ ṣe lébìrà, tàbí kó máa gun zémidjan. Bó bá jẹ́ obìnrin, àwọn ará ilé á ti máa sọ̀rọ̀ ọkọ. A ò lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, nítorí iṣẹ́ ló já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Táí Ṣólàrín rí irú ọmọ yìí ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí iṣẹ́ àti ìwé kò fi ní máa bá ara wọn jà.

Ìbí rẹ̀ àti ìrìn àjò rẹ̀

Ọdún 1922 ni wọ́n bí Augustus Táíwò Ṣólàrín ní Ìkẹ́nnẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ìbejì ni. Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, kí Kẹ́hìndé tó tẹ̀lé e. Ìlú kan náà ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1909, a ó sì rí i níwájú pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ méjèèjì yìí pàdé ní ojú ọ̀nà kan.

Ìgbà tí Ṣólàrín ń dàgbà, ohun kan ṣoṣo ni ìwé wà fún lójú ọ̀pọ̀ òbí: kí ọmọ lè kúrò lóko. Ẹni tó bá ka ìwé yóò di akọ̀wé, yóò wọ ṣòkòtò gígùn, yóò jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹni tí kò bá rí ìwé kà ni ọkọ́ kù fún. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí èrò yìí ni Ṣólàrín fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà.

Ó lọ sí Wesley College ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó darapọ̀ mọ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, kò sì padà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kàwé ní Yunifásítì Manchester, lẹ́yìn náà ó tún kàwé ní London. Ní ọdún 1951, ó gbé Sheila Mary Tuer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níyàwó. Ní ọdún 1952, tọkọtaya náà wọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà. Sheila kò wá jókòó sílé bí aya ọ̀gá. Olùkọ́ lòun náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ ròyìn yìí sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ìjà Ìjẹ̀bú-Igbó

Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ṣólàrín kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀ ni Stephen Awókọ̀yà, tó kúrò níbẹ̀ lọ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tó sì wá di ẹni tó ya àwòrán ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀. Bàtà ńlá ni Ṣólàrín bọ́ sí, ṣùgbọ́n kò rìn bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀.

Ó mú àdúrà àti orin ìsìn kúrò nínú àpéjọ àárọ̀. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ilé-ìwé kì í ṣe ilé ìsìn, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe ló sì ní in. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀pọ̀ lára wa ni kò ní gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìsìn, a ò sì ní torí pé a fẹ́ yìn ín ká fi apá yìí pa mọ́. Ó bá wọn fà á títí, nígbà tó sì rí i pé àyè tó ń wá kò sí níbẹ̀, ó fi ipò náà sílẹ̀. Ó padà sí Ìkẹ́nnẹ́ láti dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀.

Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ ní ọdún 1955

Kí a tó wọ ọgbà ilé-ìwé náà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tó ju 800,000 lọ ní ọdún 1955. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláró, ọmọ ẹlẹ́pọ, gbogbo wọn wọlé.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ibo ni wọn yóò gbà? Ilé-ìwé girama kò tó nǹkan, owó rẹ̀ sì ga. Ìjọba dá ilé-ìwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí girama wọ̀. Ní ìparí ọdún mẹ́wàá náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó parí ìwé jọ láti di àgbẹ̀ ìgbàlódé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sá kúrò níbẹ̀ lọ sí ìgboro. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti fi kọ́ wọn pé ìwé ni yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ́. Ìwé wá parí tán, wọ́n sì tún na ọkọ́ sí wọn. Ọmọ tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún, ìjìyà ni yóò pe iṣẹ́ náà.

Ṣólàrín kò dúró kí ìwé parí kó tó gbé ọkọ́ jáde. Ní ọjọ́ kan náà ni ó fi méjèèjì lé ọmọ lọ́wọ́.

Mayflower

Ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1956 ni Mayflower School bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Inú ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ni ó ti mú orúkọ náà. Ìgbàgbọ́ tiwọn ni àwọn wọ̀nyẹn ń wá àyè fún. Wọ́n sì dé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ́ ilé dè wọ́n. Ṣólàrín náà fi ibi tí wọ́n ti kọ́lé sílẹ̀, ó wá sí ibi tí òun àti àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣán igbó, wọ́n da búlọ́ọ̀kù, wọ́n bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ lórí ilé tí àwọn fúnra wọn ń bọ̀ wá sùn. Wọ́n dá oko, wọ́n sin adìẹ. Ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ń jẹ. Kò sí iṣẹ́ ọkùnrin tàbí iṣẹ́ obìnrin nínú ọgbà náà: ọmọkùnrin ń dáná, ọmọbìnrin ń gbé búlọ́ọ̀kù. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ṣì ya ọkùnrin sọ́tọ̀, tí wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀, Mayflower kó wọn pọ̀. Sheila náà dá ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun mẹ́ta ló mú kí iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ìjìyà, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùwádìí fojú sí wọn dáadáa.

Èkíní ni pé èrè iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ṣe é. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbìn, wọn kì í tún fi owó òbí rà á lọ́jà. Ilé tí wọ́n bá kọ́, àwọn ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Bí ilé-ìwé ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ ni ẹrù tó wà lórí òbí ń fúyẹ́, tí ọmọ tálákà sì ń rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀.

Èkejì ni pé ọ̀gá ń ṣe é. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ aṣọ Ṣólàrín: ṣòkòtò kéékèèké, ẹ̀wù alápá kúkúrú, fìlà lórí. Aṣọ iṣẹ́ ni, òun ló sì ń wọ̀ lọ síwájú gómìnà àti ọba. Ọmọ tó bá rí ọ̀gá tó kàwé dé London tó di ọkọ́ mú láàárọ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó purọ́ fún un pé ọkọ́ wà fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹ̀kẹta, òun ló sì ṣe pàtàkì jù, ni pé ìwé kò dín. Ìdánwò kan náà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama yòókù ń ṣe ni àwọn ọmọ Mayflower ń jókòó sí, wọ́n sì ń yege dáadáa. Ṣólàrín kò dá ilé-ìwé ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti wò pé orí wọn kò gba ìwé. Ọmọ Mayflower lè di dókítà, ó lè di ẹnjiníà, ó sì lè padà sóko pẹ̀lú òye. Ọwọ́ rẹ̀ ni yíyàn wà.

Ìyẹn kò dá àwọn ènìyàn dúró kí wọ́n máà sọ̀rọ̀. Òbí mìíràn á bínú pé òun kò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kó lọ máa roko. Àwọn mìíràn ń sọ pé ilé-ìwé aláìgbàgbọ́ ni. Kò sì rọrùn láti bá Ṣólàrín gbé: ó le bí òkúta, kì í yí ọ̀rọ̀ sọ, kì í sì í tètè gbà pé òun ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò yéé mú ọmọ wọn wá, láti Rẹ́mọ àti láti ọ̀nà jíjìn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Ẹnu tí kò dákẹ́

Nàìjíríà mọ Ṣólàrín nínú ìwé ìròyìn bó ti mọ̀ ọ́n ní ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ̀wé sínú Daily Times àti Nigerian Tribune. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fi ìrọ̀rùn súre fún ara wọn, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó ń súre ìnira fún àwọn tó ń kà á. Ẹ̀kọ́ Mayflower náà ló wà nínú rẹ̀: pé ẹni tí ọ̀nà kò bá le fún kò ní mọ agbára ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà máa ń rántí àpilẹ̀kọ náà bí ọdún bá yí.

Ìjọba ológun fi í ṣe kọmíṣánnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba ológun náà ló sì tì í mọ́lé: ní ọdún 1984, lábẹ́ Ọ̀gágun Buhari, wọ́n mú un nítorí ohun tó kọ, ìgbà tó di ọdún 1985 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni nígbà náà, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Nígbà tí wọ́n dá People's Bank sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ lówó láìgba ohun ìdúró lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ìyáálọ́jà tó ń ta ata kò jìnnà sí ọmọ tó ń wá owó girama. Ohun kan náà ló ń dínà fún àwọn méjèèjì.

Ilé-ìwé bọ́ sọ́wọ́ ìjọba

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn tó dá wọn sílẹ̀, Mayflower sì wà lára wọn. Ṣólàrín fẹ̀yìn tì. Owó oṣù olùkọ́ wá ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ọ̀gá tuntun sì ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá pẹ̀lú. Orúkọ ilé-ìwé náà kò parẹ́, ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè gbé ọkọ́ láàárọ̀. Ọ̀gá tí ìjọba lè gbé lọ síbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ó ṣòro kó gbin ọsàn tí kò ní jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ ọdún 1994 ni Táí Ṣólàrín papò dà. Sheila gbé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọdún 2012 ni òun náà tẹ̀lé e. Ní ọdún 2005, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ohun tí èyí jẹ́ fún wa ní Ofè

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé wọn kò ti dán irú èyí wò ní Benin? Wọ́n dán an wò. Ní ọdún 1975, ìjọba Kérékou gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní École Nouvelle. Gbogbo ilé-ìwé ni wọ́n ní kó ní oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kí ọmọ máa kàwé, kó sì máa pèsè nǹkan. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa ṣì rántí oko ilé-ìwé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún 1990, nínú ìpàdé gbogbogbò lórí ètò ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé ìyípadà ìjọba, wọ́n pa ètò náà tì.

Lójú wa, ìtàn Ṣólàrín jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà. Èrò inú wọn fara jọra. Ṣùgbọ́n òkè ni ti Benin ti sọ̀ kalẹ̀, sórí gbogbo ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan, sórí olùkọ́ tí kò gbà á gbọ́ àti òbí tí kò lóye rẹ̀. Ti Ìkẹ́nnẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, pẹ̀lú tọkọtaya kan tó ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Porto-Novo, láti ọdún 1985 ni Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó Songhaï sílẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹja sísìn àti bí a ti ń ṣe ohun oko di ọjà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Savalou, nínú ẹkùn Collines kan náà tí àwa Ṣábẹ wà. Kò jìnnà sí wa.

A ní ìkìlọ̀ kan láti ṣe. Àwọn òbí kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko ní ilé-ìwé rárá, a kò sì lè bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí oko aládàáni, tí èrè rẹ̀ kò sì kan ọmọ náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìrẹ́jẹ ni. Ìdí nìyí tí ohun mẹ́ta tí a kà sókè yẹn fi ṣe pàtàkì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ ní Ofè pé òun fẹ́ dá ilé-ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ já kúrò ní CEG, ẹ bi í léèrè: ta ni yóò jẹ èrè iṣẹ́ àwọn ọmọ náà? Ṣé ọ̀gá yóò bá wọn ṣe é? Ṣé ọ̀nà ìdánwò ṣì ṣí sílẹ̀ fún wọn? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ fún un ní ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá wọ́, kó lọ tún ètò rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣiṣẹ́ ní oko ilé-ìwé ní ìgbà École Nouvelle, ní Ofè, ní Kaboua, ní Ṣábẹ fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ìtàn yín fún ẹgbẹ́: ohun tí ẹ gbìn, ẹni tó jẹ ẹ́, ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀. A fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà sọnù. Ire o.